Etí Hámà, Ohùn Aláròyé

Ìrẹ̀ ni ó kọ́kọ́ fi ẹ̀sùn kàn. Ní òwúrọ̀ ọjọ́ ìsinmi kan, lẹ́yìn tí wọ́n jẹun tán, ọkùnrin tí gbogbo àdúgbò ń pè ní Hámà dìde lórí àga, ó na ìka sókè, ó ní, "Ìyá Aláròyé, ìrẹ̀ kan ti wọ inú ilé yìí o."

Ìyàwó rẹ̀, tó ń ránṣọ lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé, dá ẹ̀rọ dúró, ó tẹ́tí sílẹ̀. "Ìrẹ̀ wo? Èmi ò gbọ́ nǹkan kan."

"O ò gbọ́ ọ? Nǹkan tó ń han gooro yìí!"

"Bàbá Aláròyé, ẹ jókòó jàre, ẹ jẹ́ kí oúnjẹ yín dà."

Ta ló fẹ́ jókòó? Ó fa kọ́bọ́ọ̀dù kúrò lára ògiri. Ó gbé bẹ́ẹ̀dì nàró. Ó kó bàtà gbogbo ilé síta, ó ń gbọ̀n wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan. Ọmọbìnrin wọn, tí kò tíì pé ọmọ ọdún mẹ́fà, ń tẹ̀ lé e káàkiri, ẹnu rẹ̀ kò sì dákẹ́. Ṣé ìrẹ̀ ní eyín? Ṣé ìrẹ̀ máa ń wẹ̀? Bí ìrẹ̀ bá ń sunkún, báwo ni a ṣe máa mọ̀ pé kì í ṣe orin ló ń kọ? Kì í ṣe àwọn òbí rẹ̀ ló sọ ọ́ ní Aláròyé o, ẹnu rẹ̀ ló sọ ọ́. Ọmọ tó ń rojọ́ lójú oorun! Bí Hámà bá ti ibi iṣẹ́ dé, láti ojú títì ni yóò ti máa gbọ́ ohùn rẹ̀, á rẹ́rìn-ín, á ní, "Ilé mi nìyẹn, wọn ò tíì kó kúrò."

Wọn kò rí ìrẹ̀. Hámà jáde sí gbàgede, ìrẹ̀ bá a jáde. Ó dé títì, ìrẹ̀ dé títì. Ìgbà tó fi ìka méjèèjì di etí, tí igbe náà tún wá le sí i, ni jìnnìjìnnì bò ó. Inú orí rẹ̀ ni ìrẹ̀ náà wà.

Ẹ jẹ́ kí n sọ irú iṣẹ́ tó ń ṣe fún yín, kí ẹ má baà bi mí pé kí ló gbé ìrẹ̀ débẹ̀. Bí ọkọ̀ bá lọ kọlu ògiri, tí iwájú rẹ̀ wó, tí ilẹ̀kùn rẹ̀ jìn kòtò, ọ̀dọ̀ Hámà ni wọ́n ń gbé e lọ. Yóò fi kùkùté irin ti páànù náà láti ẹ̀yìn, yóò sì máa fi hámà lù ú níwájú títí kòtò yóò fi kún. Abẹ́ òrùlé páànù kan ni òun àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ti ń ṣe é, gbogbo wọn ń lu nǹkan lẹ́ẹ̀kan náà, ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń lọ irin sì ń ké láàárín wọn. Àwọn mìíràn a máa fi òwú di etí. Hámà ní tirẹ̀ kò jẹ́ ṣe bẹ́ẹ̀. Ó ní irin máa ń sọ̀rọ̀: bó bá ṣì wọ́, ohùn rẹ̀ á kú, bó bá ti tẹ́jú, ohùn rẹ̀ á jáde geere. Lójú tirẹ̀, ẹni tó di etí lu páànù dà bí ẹni tó dijú ránṣọ. Ó sì mọ iṣẹ́ náà, a ò ní tan ara wa, kò sí ẹni tó mọ̀ ọ́n jù ú lọ nínú ṣẹ́ẹ̀dì yẹn. Etí tó fi ń yangàn yìí gan-an ni iṣẹ́ ń jẹ lábẹ́lẹ̀, láti ọdún mélòó kan wá, tí ẹnikẹ́ni ò sì kíyè sí i.

Nígbà tó sọ fún Pẹ́ńtà, ọ̀rẹ́ rẹ̀ tó máa ń kun ọkọ̀ lẹ́yìn tí òun bá lù ú tán, onítọ̀hún fi í ṣe yẹ̀yẹ́. "Hámà! Orin wo ni ò ń dá gbọ́ tí o ò fún wa gbọ́? Gbé e sókè díẹ̀, kí gbogbo wa jó!" Hámà náà rẹ́rìn-ín, ẹ̀rín tí kò dénú.

Kò pẹ́ tí ọ̀rọ̀ fi kúrò ní ẹ̀rín. Ìrẹ̀ tó ń ké jẹ́ ọ̀tọ̀, ohun tó tẹ̀ lé e wá tún burú jù ú lọ. Ariwo bẹ̀rẹ̀ sí í dùn ún. Kì í ṣe pé ó ń bí i nínú o, ó ń dùn ún, bí ìgbà tí wọ́n bá fi abẹ́rẹ́ tọ́ eyín tó ti kẹ̀. Bí ẹnì kan bá lu irin ní igun ṣẹ́ẹ̀dì, èjìká Hámà á fò sókè, omi á lé ròrò sójú rẹ̀. Kò sì gbọ́ ohùn irin mọ́, igbe ìrẹ̀ ti bò ó mọ́lẹ̀. Ilẹ̀kùn ọkọ̀ kan wà tó lù, tó fọwọ́ pa, tó ní ó ti tẹ́jú. Ọjọ́ tí Pẹ́ńtà kùn ún tán tí oòrùn ràn sí i, gbogbo ara ilẹ̀kùn náà rí wúruwùru bí aṣọ tí a kò lọ̀. Ẹni tó ni ọkọ̀ kò pariwo. Ó kàn wo ilẹ̀kùn, ó wo Hámà. Pẹ́ńtà, tí ẹnu rẹ̀ kì í kú, yíjú sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Ojú ti Hámà débi pé bí ilẹ̀ bá lanu ni, inú rẹ̀ ni ì bá kó sí. Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà ó nu àwọn irinṣẹ́ rẹ̀, ó kó wọn fún ọ̀rẹ́ rẹ̀, ó ní kí ó bá òun tọ́jú wọn. Àwọn méjèèjì mọ̀ pé kò ní padà wá gbà wọ́n.

Iṣẹ́ wo wá ni ẹni tí ariwo ń dùn lè ṣe? Òun àti ìyàwó rẹ̀ jókòó, wọ́n rò ó síwá, wọ́n rò ó sẹ́yìn. Ìyàwó ló mú un wá pé wọ́n ń wá aṣọ́nà ní ilé ẹ̀kọ́ tí Aláròyé ń lọ. "Ẹ ó kàn máa ṣí géètì, ẹ ó máa tì í. Àwọn ọmọ á wà ní kíláàsì. Ibẹ̀ á pa rọ́rọ́."

Háà! Ẹ gbọ́ ìmọ̀ràn! Ilé ẹ̀kọ́ àwọn ọmọdé ni yóò pa rọ́rọ́? Àgbá irin ọkọ̀ ni wọ́n fi ń ṣe agogo níbẹ̀, ara òpó géètì ni wọ́n so ó rọ̀ sí, aṣọ́nà ló sì gbọ́dọ̀ máa lù ú. Ọkùnrin tó fi hámà sílẹ̀ nítorí ariwo, hámà ni wọ́n tún kó lé e lọ́wọ́. Bó bá sì lu agogo tán, gbogbo kíláàsì á tú jáde, igbe á gba gbogbo àyíká. Hámà gbìyànjú, a ò ní purọ́ mọ́ ọn. Á fi èjìká òsì di etí kan, á dijú pinpin, á wá máa lù ú. Ní ọjọ́ kan, àwọn ọmọ tú jáde, wọ́n bá aṣọ́nà wọn tó dojú bolẹ̀ lẹ́yìn géètì, tó fi ọwọ́ méjèèjì bo orí. Aláròyé wà láàárín wọn. Ó sáré wá, ó ń ké, "Bàbá mi! Bàbá mi!" ní ohùn tó lè jí òkú, Hámà sì gbójú sókè, ó jágbe mọ́ ọn, "Pa ẹnu ẹ mọ́!"

Kò bá ọmọ náà sọ bẹ́ẹ̀ rí láti ọjọ́ tó ti bí i. Ọmọ náà pa ẹnu rẹ̀ mọ́.

Ó fi iṣẹ́ géètì sílẹ̀ ní ọ̀sẹ̀ yẹn kan náà. Obìnrin tí ìyàwó rẹ̀ ń ra aṣọ lọ́wọ́ rẹ̀ ló bá a rí iṣẹ́ kẹta, nínú ilé ńlá kan tí wọ́n ń kó ìdì aṣọ sí kí wọ́n tó pín wọn fún àwọn ọlọ́jà. Iṣẹ́ Hámà ni kí ó máa to ìdì aṣọ léra, kí ó sì máa gbọn eruku ara wọn. Ẹ̀yin tí ẹ bá ti wọ irú ibẹ̀ rí á mọ ohun tí mò ń wí: aṣọ láti ilẹ̀ dé àjà, aṣọ lọ́tùn-ún, aṣọ lósì, aṣọ sì máa ń mu ariwo bí ilẹ̀ gbígbẹ ṣe ń mu omi. Èèyàn á sọ̀rọ̀ níbẹ̀, ọ̀rọ̀ náà á kú sẹ́nu rẹ̀. Ní ọjọ́ kìíní tí Hámà wọ ibẹ̀, ó fi ẹ̀yìn ti ìdì aṣọ, ó sunkún ayọ̀. Ó délé, ó ní, "Ìyá Aláròyé, ó ti parí. Ara tù mí lónìí."

Àwọn àgbà ní bí etí kò bá gbọ́ yìnkìn, inú kì í bàjẹ́. Àwọn àgbà ò bá Hámà to aṣọ. Ibi tí kò ti sí ohun mìíràn láti gbọ́, ìrẹ̀ nìkan ló kù síbẹ̀, ó sì wá di ọba. Hámà rò pé ariwo òde ló ṣì ń rí ibi gbà wọlé. Òun tí kì í fi nǹkan di etí nígbà tó yẹ kó dì í, ó wá fi òwú di etí níbi tí eṣinṣin ò ti kùn. Nígbà tí òwú kò tó, ó ra fóòmù kékeré tí wọ́n ń tì bọ etí, ó wá fi òwú lé e. Bó bá ti ibẹ̀ jáde ní ìrọ̀lẹ́, kẹ̀kẹ́ tó bá kọjá lásán á dà bíi tírélà létí rẹ̀. Bó ṣe ń sá fún ariwo tó, bẹ́ẹ̀ ni etí rẹ̀ túbọ̀ ń di ẹlẹ́gẹ́, kò sì mọ̀ pé sísá náà ni.

Ilé wọn yí padà. Ṣíbí kan já bọ́ lórí sìmẹ́ńtì, Hámà ké bí ẹni tí wọ́n sun níná. Láti ọjọ́ náà, abọ́ onírin kúrò nílé, ike rọ́pò rẹ̀. Wọ́n fi àkísà wé ẹnu ilẹ̀kùn kí ó má baà ró bí wọ́n bá tì í. Bàtà ò gbọdọ̀ wọ yàrá. Ìyàwó rẹ̀ gbé ẹ̀rọ ìránṣọ lọ sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ aládùúgbò, á máa sáré lọ, á máa sáré bọ̀ láàárín ìkòkò àti aṣọ oníbàárà. "Ó ń dùn mí o, mi ò ní purọ́ fún yín," ló sọ fún ọkọ rẹ̀ lọ́jọ́ tó gbé e. "Ìdí ẹ̀rọ yẹn ni mo ti rí ilé mi láti ọjọ́ tí ẹ ti fẹ́ mi." Hámà ní kó má bínú.

Ọ̀rọ̀ sísọ náà wá di kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́. Aláròyé ló sì kọ́ ọ jù. Ẹ wo ọmọ tó ń rojọ́ lójú oorun! Ó ń fi ọmọ ìka ẹsẹ̀ rìn. Ó ń fi ọwọ́ méjèèjì gbé ife kalẹ̀. Bí ẹ̀rín bá fẹ́ bọ́ lẹ́nu rẹ̀, á sáré ki orí bọ inú ìrọ̀rí, á rín in síbẹ̀ tán kó tó yọjú. Bí ìyá rẹ̀ bá gbàgbé tó sọ̀rọ̀ sókè, òun ni yóò fi ìka lé ètè, tí yóò nawọ́ sí bàbá. Inú Hámà a máa dùn. Á gbé e lé orí ẹsẹ̀, á fún un ní bisikíìtì. "Ọmọ dáadáa! Ọmọ tó fẹ́ràn bàbá rẹ̀!" Ọmọ náà á yọ̀, àmọ́ yóò yọ̀ jẹ́jẹ́.

"Bàbá Aláròyé," ni ìyàwó rẹ̀ wí lọ́jọ́ kan, "ọmọ yìí ò sọ̀rọ̀ mọ́."

"Ó ń sọ̀rọ̀. Ó kàn ti ń gbọ́n ni."

Ìyàwó náà ló fà á dé ọ̀dọ̀ dókítà etí. Obìnrin tí ohùn rẹ̀ rọ̀ ni. Ó tan iná wo inú etí méjèèjì, ó fi nǹkan bò wọ́n, ó ní kí Hámà máa nawọ́ sókè nígbà tó bá gbọ́ ìró, ó yẹ̀ ẹ́ wò síbí, ó yẹ̀ ẹ́ wò sọ́hùn-ún. Ó wá fa àga súnmọ́ ọn.

"Bàbá, ìrẹ̀ tó ń ké yẹn, mi ò lè ṣèlérí fún yín pé yóò lọ. Iṣẹ́ tí ẹ ti ń ṣe ló ba etí jẹ́, ohun tó sì bàjẹ́ níbẹ̀ kì í hù padà. Àmọ́ ariwo tó ń dùn yín yìí, òwú yín wà nídìí rẹ̀."

"Òwú kẹ̀? Òwú ló ń gbà mí!"

"Ẹni tó pẹ́ nínú òkùnkùn, tí wọ́n bá ṣá ìṣáná sí i, ojú rẹ̀ á rò pé oòrùn ni. Bẹ́ẹ̀ ni etí yín rí báyìí. Ẹ máa yọ òwú nílé díẹ̀díẹ̀. Ẹ jẹ́ kí ìró jẹ́jẹ́ wà nítòsí yín, bíi fáànù, bí omi tó ń ṣàn, bí ohùn àwọn ará ilé yín. Ìdí ẹ̀rọ tó ń pariwo, ẹ di etí síbẹ̀. Àmọ́ ẹ má di etí sí ìyàwó àti ọmọ. Yóò pẹ́ o, yóò sì ni yín lára. Kò sí oògùn tí mo lè fún yín tó yára jù bẹ́ẹ̀ lọ."

Òótọ́ ọ̀rọ̀ ni. Ṣé ẹ rò pé ó ṣe é? Ó gbìyànjú. Ó yọ fóòmù, ó jókòó ti ẹ̀rọ omi tí ìyàwó rẹ̀ ṣí sínú báàfù, ó ń làágùn. Ó fara dà á títí ẹnì kan fi ti fèrèsé ní ilé kejì, ló bá sáré ti fóòmù padà sétí. Ó ní ìyà ni dókítà yẹn fẹ́ fi jẹ òun, pé ta ló ń sọ fún ẹni tí iná jó pé kó lọ yáná? Ní ọjọ́ kejì ó padà sáàárín ìdì aṣọ. Inú bí mi sí i nígbà tí mo gbọ́ ọ, mi ò ní fi bò. Àmọ́ ta ni mí? Etí mi kọ́ ló ń dùn.

Báyìí ló wà títí Tíṣà Aláròyé fi ránṣẹ́ pè é. Obìnrin yìí mọ̀ ọ́n láti ìgbà tó ń ṣọ́ géètì, ó sì mọ àìsàn rẹ̀, nítorí náà ó mú un lọ sí ẹ̀yìn ilé ẹ̀kọ́, lábẹ́ igi, níbi tí ariwo ò ti pọ̀.

"Ẹ káàbọ̀, Bàbá Aláròyé. Ṣé ọ̀fun ń dun ọmọ yín ni?"

"Rárá o, Tíṣà. Kí ló ṣẹlẹ̀?"

"Kò sọ̀rọ̀ sókè mọ́. Ọmọ tí a máa ń bẹ̀ pé kó jọ̀ọ́ kó dákẹ́! Bí mo bá ní kó dìde kàwé, ètè rẹ̀ á máa mì, ẹni tó jókòó tì í gan-an ò ní gbọ́. Àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ti ń fi í ṣe yẹ̀yẹ́. Lánàá, ó ṣubú níbi tí wọ́n ti ń ṣeré. Orúnkún rẹ̀ bó, ẹ̀jẹ̀ ń dà. Bàbá Aláròyé, ọmọ yìí ò ké. Ó fi ọwọ́ méjèèjì di ẹnu, omi ń jáde lójú rẹ̀ pòròpòrò."

Hámà fi ẹ̀yìn ti igi.

"Ohun tó ṣe àkàlàmàgbò tó fi dẹ́kun ẹ̀rín-ín rín, kì í ṣe ohun kékeré. Ni mo bá bi í. Ó ní kí n gbé etí wá. Ó ní bí òun bá pariwo, orí bàbá òun á fọ́, bàbá òun á kú. Mo ní, bàbá rẹ kò sí níbí mọ́, ọmọ mi. Ó ní ẹ lè wà lẹ́yìn géètì."

Bí Hámà ṣe délé, kò mọ̀. Ó bá ìyàwó rẹ̀ ní gbàgede, tó ń sá aṣọ, ọmọ sì jókòó lórí àtẹ̀gùn, báńdéèjì funfun lórí orúnkún, tó ń bá ọmọláńgidi rẹ̀ sọ̀rọ̀ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́. Hámà yọ fóòmù àti òwú kúrò ní etí méjèèjì níṣojú wọn. Ó jù wọ́n sínú garawa ìdọ̀tí. Ìró òde wọlé lù ú, ó di ògiri mú, ó dúró.

"Aláròyé, wá. Dúró síbí. Bàbá fẹ́ lọ dúró lọ́hùn-ún, lẹ́bàá ògiri. Kí o pè mí. Kí o pariwo gan-an, kí gbogbo àdúgbò gbọ́."

Ọmọ náà wo ìyá rẹ̀.

"Pè wọ́n," ni ìyá rẹ̀ wí. Aṣọ tútù tó mú lọ́wọ́, ó fún un mọ́ àyà.

Ètè ọmọ náà mì. "Bàbá mi."

"N ò gbọ́. Sókè!"

"Bàbá mi."

"Aláròyé, mo bẹ̀ ẹ́. Kò ní ṣe mí ní nǹkan kan. Orí mi ò ní fọ́. Mo búra fún ẹ. Pariwo!"

Ọmọ náà fa èémí. Ó ya ẹnu, atẹ́gùn lásán ló kọ́kọ́ jáde. Ó dijú, ó di ẹ̀ṣẹ́, ó rọ́ gbogbo ara sí i, ohùn rẹ̀ àtijọ́ sì tú jáde lódindi, ohùn tó máa ń pàdé bàbá rẹ̀ lójú títì: "BÀBÁ MI!"

Hámà ti pinnu pé òun ò ní mira. Ó ti fi ẹ̀yìn ti ògiri, ó ti pa eyín pọ̀ dè é. Ṣùgbọ́n ara kì í gbọ́ ti ẹni tó ni ín. Èjìká rẹ̀ fò sókè, orí rẹ̀ yẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́, ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì sáré lọ bo etí kí ó tó mọ ohun tó ń ṣe. Ó sọ wọ́n kalẹ̀ kíá. Ó lajú, ó sì fi tipátipá rẹ́rìn-ín.

Ọmọ náà ti rí i. Ó ti fi ọwọ́ méjèèjì di ẹnu, ojú rẹ̀ là rangandan lókè wọn.

"Ó dáa! O ṣe dáadáa! Kò dùn mí," ni Hámà wí, omi sì ń ṣàn lẹ́rẹ̀kẹ́ rẹ̀.

Aláròyé fi ọmọ ìka ẹsẹ̀ rìn kọjá gbàgede wá bá a. Ó fa aṣọ rẹ̀ kí ó lè bẹ̀rẹ̀. Ó gbé ẹnu sún mọ́ ọn létí, ohùn rẹ̀ kò ju èémí lọ.

"Ẹ má bínú, Bàbá mi. Mi ò ní ṣe é mọ́."

Ó fọwọ́ pa bàbá rẹ̀ lórí, ó yí padà, ó ń lọ sọ́dọ̀ ìyá rẹ̀ jẹ́jẹ́. Hámà fẹ́ pè é padà, ó ti ya ẹnu. Kò mọ ohùn tí òun yóò fi pè é.